Àpòòwé Màmá Ọ̀kánkán

Òórùn yíǹkì ni n óò kọ́kọ́ sọ fún ọ, torí òun ló máa ń gbé mi padà síbẹ̀. Bí mo bá gba ìwé ètò ìsìnkú tàbí ti ìgbéyàwó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, imú mi ló máa ń kọ́kọ́ kà á. Bí yíǹkì rẹ̀ bá ṣì tutù, tí òórùn kẹrosíìnì díẹ̀ mọ́ ọn, kíá ni mo ti padà di ọmọbìnrin tó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú, tí mò ń ká bébà, tí ẹ̀rọ ń ró lẹ́yìn mi, tí ilẹ̀ tí mo fẹsẹ̀ lé sì ń gbọ̀n. Ìwọ náà mọ àdúgbò yẹn. Ilé díẹ̀ ni wàá kọjá kí o tó tún kan ti atẹ̀wé mìíràn. Bí ọ̀gá mi bá ti dá wa sílẹ̀, ọ̀nà ẹ̀yìn ni mo máa ń gbà wọ Bàrígà, títí dé ilé wa ní Abúlé Òkúta, abẹ́ èékánná mi á dúdú bí ẹni tó wa ilẹ̀.

Màmá ọ̀kánkán ló tọ́ mi. Ìyá tó bí mi ti kú kí n tó gbọ́njú, bàbá mi sì ń wa tírélà lọ sókè ọya. Bó bá lọ, ó di ìgbà tí a bá rí i. Ilé wa jẹ́ irú èyí tí yàrá dojú kọ yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan la àárín rẹ̀ kọjá, yàrá màmá sì kọjú sí tiwa gan-an. Kò sí ẹni tó pè é jókòó pé kó wá máa tọ́jú mi. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ tèmi nígbà tó bá ń bu ti ọmọ rẹ̀ ni. Mùsùlùmí ni, àwa sì jẹ́ Onítẹ̀bọmi, síbẹ̀ òun ló máa ń di irun mi ní ọjọ́ Sátidé, tí á ní kí n má jẹ́ kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rò pé mi ò ní ìyá.

Ọmọ kan ṣoṣo ló bí, ọkùnrin, ó sì jù mí lọ dáadáa. Bọ̀ọ̀dá ni mo máa ń pè é. Ní ìgbà òjò, tí omi gọ́tà bá bo ojú títì, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń wà kọjá kí bàtà ilé ìwé mi má baà rẹ. Ó máa ń pariwo pé mo wúwo bí àpò sìmẹ́ǹtì, àmọ́ kò jù mí sílẹ̀ rí. Mo ń sọ èyí fún ọ kí o má baà rò pé ẹni ibi ni.

Ọsibítù ìjọba ni Màmá ti ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ìbùsùn àwọn aláìsàn. Oògùn tí wọ́n ń dà sínú omi náà ti bó àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń dán. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ojú rẹ̀ ti ń lọ. Awọ funfun kan ń bo ẹyinjú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ní ṣe ló ń rí àwa ènìyàn bí ẹni tó dúró sẹ́yìn nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Àwọn dókítà ní àwọn lè ṣí i, àmọ́ kó tètè wá, kó sì mú owó wá. Bó ṣe di pé gbogbo ìrètí ojú rẹ̀ wà nínú owó ìfẹ̀yìntì tí ìjọba jẹ ẹ́ nìyẹn.

Nígbà náà, kò tíì sí pé kí fóònù ẹni dún kí ó sì jẹ́ pé owó ti wọ báńkì. Pósítọ́fíìsì ni owó àwọn ìyá àti bàbá wa ń gbà wá. Ìwé owó kan ni wọ́n á fi ránṣẹ́ nínú àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀, ẹni tó ni ín á wá mú un lọ sí káńtà pẹ̀lú káàdì ìfẹ̀yìntì rẹ̀, á tẹ̀ka, wọ́n á sì ka owó fún un. Ìjọba mọ̀ pé olè wà lójú ọ̀nà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ lẹ́tà onírẹ́jísítà ni wọ́n ń ṣe é, èyí tí onílẹ́tà gbọ́dọ̀ gbé lé ọwọ́ ẹni tó ni ín gan-an, kó sì gba ìfọwọ́sí rẹ̀ sínú ìwé. Òfin dára. Àmọ́ ojúlé là ń gbé, a kì í gbé inú òfin. Bí onílẹ́tà bá mọ bàbá, tó mọ ìyá, tó mọ ọmọ, ta ló máa sọ pé kó má gbé lẹ́tà ìyá fún ọmọ?

Bàbá onílẹ́tà tiwa wá láti Òkè-Ògùn. Gbogbo bó ṣe pẹ́ tó ní Èkó, èdè ilé rẹ̀ ò kúrò lẹ́nu rẹ̀, àwa ọmọ àdúgbò sì máa ń sín in jẹ, á máa rẹ́rìn-ín. Kẹ̀kẹ́ ológeere ló ń gùn. Mo jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé ìtẹ̀wé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, oòrùn mú gan-an, mo ń ká ìwé ètò ìsìnkú bàbá kan tí n kò mọ̀ rí, ni mo rí i tó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ní ìkòríta. Bọ̀ọ̀dá ló dá a dúró. Wọ́n jọ sọ̀rọ̀, wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, bàbá náà ṣí ìwé rẹ̀, Bọ̀ọ̀dá fọwọ́ sí i lórí ìjókòó kẹ̀kẹ́, ó sì gba àpòòwé kan. Ó ká a sí méjì, ó tì í bọ abẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Bó ṣe ń kọjá, ó kí mi: "Àbúrò, ojú oòrùn yìí náà lo ti ń ṣiṣẹ́?" Mo ní, "Ẹ kú ọ̀sán, Bọ̀ọ̀dá." Mo padà sí bébà mi. Kò sí ohun tó ṣe mí ní kàyéfì níbẹ̀.

Oṣù wá ń gorí oṣù, Màmá ń retí. Gbogbo ìgbà tí agogo kẹ̀kẹ́ bá dún lójú títì ló máa ń gbé orí sókè. Mo rò pé lẹ́tà tó ń retí ò tíì dé ni; mo rò pé ohun tí Bọ̀ọ̀dá gbà lọ́jọ́ náà, tirẹ̀ ni. Nígbà tó sú Màmá, ó ní kí n mú òun lọ sí pósítọ́fíìsì. Mo fà á lọ́wọ́ lọ. Akọ̀wé tó wà ní káńtà yẹ ìwé wò, ó wo Màmá, ó tún wo ìwé.

"Màmá, wọ́n ti san owó yìí. Ẹ̀yin lẹ wá gbà á, ẹ̀ ń gbàgbé ni."

"Èmi? Ojú tí mo fẹ́ fi owó náà tọ́jú rèé. Ta ló mú mi wá síbí?"

Wọ́n ní kó tẹ̀ka sí bébà mìíràn. Ìka rẹ̀ àti èyí tó wà nínú ìwé wọn ò bára mu rárá. Á jẹ́ pé obìnrin àgbà kan ti jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú káàdì Màmá, ó ti gba owó, ó sì ti bá tirẹ̀ lọ. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ránṣẹ́ pe bàbá onílẹ́tà. Ó wọlé, ó ń nu òógùn, ó dọ̀bálẹ̀ fún Màmá. Ó ní òótọ́ ni pé òun ò gbé e lé Màmá lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ ló gbà á, torí ó sọ pé ìyá òun ló rán òun. Gbogbo wa yíjú sí Màmá. Ó ń fi ìka yí ìlẹ̀kẹ̀ tẹ̀sùbáà rẹ̀.

"Ọmọ mi ò sí ní Èkó lásìkò yẹn," ó wí. "Ìjẹ̀bú ló wà."

Bàbá onílẹ́tà yíjú sí akọ̀wé, ó tún yíjú sí Màmá. Ẹni tó mọ̀ pé òun ò purọ́, tí ìyá àgbàlagbà wá pè é ní òpùrọ́ láì gbóhùn sókè, kí ló fẹ́ wí? Ọ̀rọ̀ di ti ọlọ́pàá. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni ló lè fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, pé bàbá náà àti obìnrin tó wá tẹ̀ka ni wọ́n jọ lẹ̀dí àpò pọ̀. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìgbà náà, wọ́n sì tì í mọ́lé ní tẹ́ṣàn.

Nígbà tí a délé, mo ti ilẹ̀kùn yàrá Màmá, mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

"Màmá, Bọ̀ọ̀dá ni. Ojú mi báyìí ni bàbá yẹn ṣe gbé e fún wọn."

"Mo mọ̀," ó wí.

"Ẹ mọ̀ kẹ̀?"

"Mo fọwọ́ wá káàdì mi nínú àpótí lọ́jọ́ kan, ibi tí mo fi í sí kọ́ ni mo ti bá a. Èmi àti ọmọ mi nìkan la mọ ibẹ̀. Ní káńtà lónìí ni gbogbo rẹ̀ tó yé mi."

"Bàbá yẹn wà ní àtìmọ́lé o, Màmá."

"Ọlọ́run á yọ ọ́. Iṣẹ́ ìjọba ló ń ṣe, ó ní àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó máa dúró fún un. Ta ló máa dúró fún ọmọ tèmi?" Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, àmọ́ ó ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń fọwọ́ tá ilẹ̀ wò. Ó kúnlẹ̀ fún mi. Ìyá tó fọ ìdí mi, tó fi ẹnu fẹ́ iná fún oúnjẹ mi, ló kúnlẹ̀ síwájú mi lórí ẹní. "Mo fi ọyàn tí n kò fún ọ mu, àmọ́ tí ǹ bá fún ọ mu, bẹ̀ ọ́. Má sọ ohun tí o rí."

Mo gbé e dìde. Mo ní, "Mo ti gbọ́, Màmá, ẹ dìde." Gbólóhùn tí mo sọ nìyẹn. Mi ò sọ pé n kò ní í sọ, mi ò sì sọ pé màá sọ. Òun gbà á bí ìlérí, ó gbàdúrà fún mi, ó sì da tíì gbígbóná sínú kọ́ọ̀bù fún mi. Mo mu ún.

Ọ̀sẹ̀ náà ò tíì parí tí ìyàwó bàbá onílẹ́tà fi bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀nà wa. Ó gbé fúlásíìkì oúnjẹ ọkọ rẹ̀ dání, torí tẹ́ṣàn ló ń gbà lọ. Ó dé ọ̀dọ̀ wa, ó kí ọ̀gá mi, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará ibí. Ìkòríta yìí ló ní òun ti gbé lẹ́tà náà sílẹ̀. Ẹnì kan ò lè gba lẹ́tà ní gbangba báyìí kí gbogbo yín má rí i." Ọ̀gá mi pa ẹ̀rọ, ó ní inú ilé ni òun wà, kí Ọlọ́run ràn án lọ́wọ́. Obìnrin náà dúpẹ́. Kò bínú, kò sunkún, ó kàn gbé fúlásíìkì rẹ̀ sí apá kejì, ó sì ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó kàn.

Mi ò jókòó ronú. Bóyá ká ní mo ronú ni, ǹ bá má lọ. Mo kàn rí i pé mo ti da bébà orí itan mi sílẹ̀, mo ti ń sáré tẹ̀lé e. "Màmá, ẹ dúró. Èmi rí i."

Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, kò sì tú u títí a fi dé tẹ́ṣàn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ yà sílé, kí n sọ fún ẹnì kan. Ó ní, "Ọmọ mi, bí o bá yà sílé, o ò ní í padà wá." Òótọ́ ọ̀rọ̀ ló sọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún ọlọ́pàá, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Mo rò pé ó ti parí ni. Wọ́n ní ó kù kí n bá àwọn lọ fi ẹni náà hàn.

Fádèyí ni Bọ̀ọ̀dá ti ń ta bàtà òkìríkà, lábẹ́ agboòrùn kan tó ti ya. Ó ń fi bọ́rọ́ọ̀ṣì nu bàtà kan lọ́wọ́ nígbà tó gbójú sókè. Èmi ló kọ́kọ́ rí. Ó tújú ká, ó rẹ́rìn-ín sí mi bó ṣe máa ń ṣe láti kékeré, ó ní, "Àbúrò! Kí lo wá rà?" Lẹ́yìn náà ló wá rí àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́yìn mi. Kò sá. Ó gbé bàtà náà kalẹ̀ jẹ́ẹ́, ó tò ó mọ́ ìkejì rẹ̀, ó sì nawọ́ fún wọn.

Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́wọ́. Ẹnì kan tó ní òun ń bá ènìyàn ṣètò ìrìn àjò lọ sí ìlú òyìnbó ló kó owó náà lọ. Bọ̀ọ̀dá ní òun gbà gbọ́ pé bí òun bá ti débẹ̀, oṣù bíi mélòó kan lòun máa fi dá owó padà, tí Màmá á sì lọ tọ́jú ojú ní òkè òkun lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn dókítà ti mọ̀ ọ́n ṣe jù. Mo gbà á gbọ́, títí dòní. Wọn ò rí ẹni yẹn mú, wọn ò sì rí obìnrin tó tẹ̀ka. Bọ̀ọ̀dá nìkan ló lọ sẹ́wọ̀n.

Wọ́n tú bàbá onílẹ́tà sílẹ̀, wọ́n dá a padà sẹ́nu iṣẹ́, àmọ́ wọ́n gba kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ wọ́n sì gbé e lọ sí ibòmíràn, torí wọ́n ní bó bá tẹ̀ lé òfin ni, ọ̀rọ̀ náà ò ní í ṣẹlẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó gbé èlùbọ́ láti ilé wọn wá, ó kún àpò, ó funfun, ó ń ta sánsán. Mi ò lè rò ó. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, omi hó, mo dúró tì í pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́, mo sì pa iná. Mo gbé gbogbo rẹ̀ fún ìyàwó ọ̀gá mi.

Ohun tó ń dùn mí jù, ọ̀rẹ́ mi, kì í ṣe pé mo sọ ọ́. Bí bàbá yẹn bá kú sí àtìmọ́lé, kí ni ǹ bá wí? Ohun tó ń dùn mí ni pé Màmá gbọ́ ọ lẹ́nu ará ita. Nígbà tí mo fi máa délé, ẹnì kan ti sáré wá sọ fún un pé wọ́n ti mú ọmọ rẹ̀, ọmọ ọ̀kánkán ló sì mú wọn débẹ̀. Mo bá a lórí ẹní ìrun. Mo ní, "Màmá, ẹ kú ìrọ̀lẹ́." Kò dáhùn. Láti ọjọ́ náà, kò dá mi lóhùn mọ́. Kò bú mi, kò gégùn-ún fún mi, kò sọ̀rọ̀ mi láìdáa fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Bí mo bá fẹ́ kọjá lọ́dẹ̀dẹ̀, á fara mọ́ ògiri kí n kọjá, bí ènìyàn ṣe ń yà fún àlejò. Nígbà tí bàbá mi ti òkè ọya dé, tó gbọ́, ó pè mí jókòó. Ó ní, "O ṣe ohun tó tọ́. Àmọ́ o ò lè máa gbé níbí mọ́." Mo kó lọ sí Ladi-Lak, ní Bàrígà náà. Kò jìnnà; ìrìn díẹ̀ ni. Ó pẹ́ kí n tó tún rin ìrìn náà.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí lẹ́yìn náà, ẹnu àwọn ará ilé ni mo ti ń gbọ́ ọ. Ìjọba san owó Màmá lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, lẹ́yìn tí ìwé ti rìn, tó ti padà, tó tún ti rìn. Báńkì ni wọ́n san án sí lọ́tẹ̀ yìí. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n ní ojú ti kọjá ohun tí àwọn lè ṣí. Bọ̀ọ̀dá jáde lẹ́wọ̀n, ó wá sun yàrá ìyá rẹ̀ fún ìwọ̀n ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní kì í jáde lọ́sàn-án. Lọ́jọ́ kan ó ní òun ń lọ sí Kùtọnu, láti ìgbà náà, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́.

Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, mo ti ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kékeré tèmi, kí Màmá tó ránṣẹ́ pè mí. Ọmọ ayálégbé kan ló wá sọ pé ìyá afọ́jú ilé àwọn ń bèèrè mi. Mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo lọ. Mo bá a lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, ó ti kéré, ó ti fúyẹ́. Mo kúnlẹ̀, mo kí i. Ó dáhùn. Ó ní, "O ti sanra. Mo gbọ́ ọ nínú mímí rẹ." Mo rẹ́rìn-ín, ẹkún sì gbọ̀n mí lẹ́nu ẹ̀rín náà. Ó ní kí n bá òun gé èékánná òun, torí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń gé e kan ẹran ara. Mo mú un lọ́wọ́, ọwọ́ tó ń dán yẹn, mo ń gé e díẹ̀díẹ̀. Ìka mélòó kan ni mo ti gé nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Bó bá jẹ́ òní ni, ṣé wàá tún sọ ọ́?"

Mo ti ronú ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn láti gbogbo ọdún wọ̀nyẹn wá, mo sì ti mú oríṣiríṣi ẹ̀bẹ̀ sílẹ̀ dè é. Kò sí èyí tó wá sẹ́nu mi. "Màá sọ ọ́, Màmá. Àmọ́ ẹ̀yin ni màá kọ́kọ́ sọ fún."

Ó mi orí. "Èmi náà," ó wí, "màá tún bẹ̀ ọ́."

Ó wá na ọwọ́ kejì sí mi, kí n gé tibẹ̀ náà.

Kò pẹ́ sí i tó fi kú. Kò sọ pé òun dárí jì mí, èmi náà ò sì bèèrè. Nísinsìnyí, tí owó ìjọba ń gba ojú òfuurufú wá, mo máa ń gbọ́ tí àwọn èwe ń sọ pé ọ̀nà olè ti dí. Mi ò bá wọn jiyàn. Mo mọ̀ pé ẹni tó sún mọ́ni jù ló mọ ibi tí a fi káàdì sí. Ẹ̀bi tó wà lọ́kàn mi ò tíì lọ. Nígbà kan, mo rò pé bó bá ṣì ń dun ènìyàn báyìí, á jẹ́ pé ó ṣe ohun tí kò yẹ ni. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Òótọ́ tí mo sọ gba ọkùnrin kan sílẹ̀, ó sì mú ọmọ kan ṣoṣo lọ lọ́wọ́ ìyá tó fi oúnjẹ bọ́ mi, méjèèjì ló sì wá láti ẹnu mi kan náà. Bó bá dọjọ́ tí kò dùn mí mọ́, ohun tí màá bẹ̀rù nìyẹn, torí á jẹ́ pé mo ti gbàgbé pé ìyá mi ni.